Ṣé ká lọ sí Gisenyi létí adágún Kivu, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Rwanda nínú oṣù Kejìlá, ọjọ́ méje la ní. A fẹ́ kúrò ní Kigali fún ọjọ́ méjì ká lọ sinmi ní Gisenyi, létí adágún Kivu. Àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń já mi láyà. Ẹnì kan ní òkè ayọnáyèéfín wà lórí ìlú yẹn, òmíràn ní omi yẹn gan-an ní gáàsì nínú tó lè pa odindi ìlú mọ́jú, ẹ̀kẹta ní kò tiẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀, pé Zanzibar ni ká lọ. Ẹni tó bá ti dé'bẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

* * *

Ẹ lọ.

Mo ti ka ìbéèrè yín àti èsì táwọn míì kọ sábẹ́ ẹ̀, màá sì fèsì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé'bẹ̀, àṣìṣe tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe. Àlọ-àbọ̀ ni mo ṣe. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Kigali láàárọ̀, ó gbà wá ní bíi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, torí ọ̀nà yẹn ò tó 160 kìlómítà lóòótọ́ àmọ́ òkè ni gbogbo ẹ̀, ẹ ó gùn, ẹ ó sọ̀, ẹ ó yí, ẹ ó tún yí. Mo jẹun, mo wo omi, mo ya fọ́tò díẹ̀, mo wo aago, ó ti tó àsìkò àtipadà. Nígbà tí mo délé mo ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí nǹkan kan ní Gisenyi, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa mọ́ ìlú ọlọ́ìlú. Ìgbà kejì tí mo sùn níbẹ̀ lóru mẹ́ta ni mo tó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí lẹwà ibẹ̀ wà. Ọ̀sán ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí ọ̀sán ibòmíràn. Torí náà bí ẹ ò bá lè sùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kúkú jókòó sí Kigali.

Ohun kan tó máa ń dà á rú mọ́ èèyàn lójú: Gisenyi lorúkọ ìlú, Rubavu lorúkọ àgbègbè tí ìlú yẹn wà. Bọ́ọ̀sì tó bá kọ Rubavu, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ òkè. Àwọn kan ń bù ú kù, àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nyiragongo lorúkọ ẹ̀. Ilẹ̀ Congo ló wà, kì í ṣe Rwanda, gíga ẹ̀ tó nǹkan bí 3,470 mítà. Ìlú Goma ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, Gisenyi sì fara kan Goma bí ilé méjì tó jọ pín ògiri, bọ́dà nìkan ló pààlà wọn. Ó bú ní 1977, ó bú ní oṣù Kìíní 2002, ó tún bú ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òkè oníná lọ ni pé òkúta yíyọ́ inú ẹ̀ kì í ki, silica, èròjà tó ń mú un ki, kéré nínú ẹ̀, ṣe ló ń ṣàn bí omi. Ní 1977, adágún iná tó wà nínú ihò orí òkè yẹn dà tán kí wákàtí kan tó pé. Ní 2002, iná la àárín Goma kọjá, ó wọ inú adágún Kivu lọ, ó sì sọ nǹkan bí 120,000 èèyàn di aláìnílé. Torí náà ẹ̀gbọ́n tó sọ pé "ó ti sùn", ẹ má bínú, kò sùn o.

Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí iná ń gbà. Apá Goma ló ń dà sí. Ohun tó kan Gisenyi ní 2021 jẹ́ nǹkan méjì: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó sá kọjá bọ́dà lóru ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ilẹ̀ tó ń mì fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀. Ilẹ̀ mímì yẹn ló ba ilé jẹ́. Onílé tí mo dé sí lọ́dọ̀ ẹ̀ mú mi lọ wo ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ó sán láti abẹ́ àjà dé ilẹ̀, ó ti fi sìmẹ́ǹtì dí i àmọ́ kò kùn ún, ìlà yẹn wà níbẹ̀ bí àpá ara. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò kùn ún, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, kóun lè máa rí i bó bá tún ń gbòòrò. Àràárọ̀ ló máa ń wò ó kó tó po tíì.

Ohun tí màá ṣe rèé bí ẹ bá ń lọ: ẹ gbọ́ ìròyìn kí ẹ tó kúrò ní Kigali, bí wọ́n bá ní òkè yẹn ń yọ èéfín jù tàbí ilẹ̀ ń mì, ẹ má lọ. Lálẹ́, pásípọ́ọ̀tù, fóònù, owó díẹ̀ àti bàtà tó ṣeé sá nínú ẹ̀, ẹ kó wọn sí ojú kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jáde ni ọ̀nà Musanze, ọ̀nà tẹ́ ẹ bá wá náà ni. Ó tán. Èmi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé kò lè ṣẹlẹ̀, mo kàn mọ̀ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń tọ́mọ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́lé níbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Ẹni tó bèèrè bóyá wọ́n máa rí ojú ọ̀run tó pọ́n lálẹ́: ṣáájú 2021 a máa ń rí i dáadáa. Bó ṣe bú lọ́dún yẹn, iná inú ihò yẹn dà lọ. Ẹ má torí ìyẹn nìkan lọ.

* * *

Àbúrò tó mú ọ̀rọ̀ Nyos wá, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Kivu, òótọ́ lo sọ, àmọ́ o so nǹkan méjì tí kò dọ́gba pọ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: Nyos jẹ́ adágún kékeré ní Kamẹrúùnù. Lóru ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, carbon dioxide tó ti kó jọ sísàlẹ̀ omi yẹn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣàn wọ àfonífojì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,700 pẹ̀lú màlúù wọn, ọ̀pọ̀ wọn lójú oorun. Irú gáàsì yẹn náà wà nínú Kivu, ó tiẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ jù ú lọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ sí nǹkan bí 300 kìlómítà kúbíìkì, pẹ̀lú methane, ìyẹn gáàsì tó ń jó, tó tó nǹkan bí 60. Ìyẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe jókòó. Kivu jìn tó nǹkan bí 480 mítà. Omi ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní iyọ̀, ó wúwo, kò ń pò mọ́ tòkè, bí ìgbà tí epo bá lékè omi nínú ìkòkò, kálukú dúró sí ààyè ẹ̀. Nísàlẹ̀ 260 mítà síbẹ̀ ni gáàsì tó pọ̀ jù wà, omi tó wà lórí ẹ̀ ló dì í mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìgò mínírà. Kò tíì kún dé ibi tó fi máa tú fúnra ẹ̀. Iná wọ inú omi yẹn ní 2002 ṣáà, gáàsì ìsàlẹ̀ ò sì tú.

Wọ́n tún ti ń fa gáàsì yẹn jáde. Ní Karongi, ìlú mìíràn létí adágún kan náà, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní KivuWatt ń lo methane inú omi láti fi ṣe iná mànàmáná tó tó 26 mẹ́gáwáàtì. Wọ́n á fa omi ìsàlẹ̀ gba páìpù wá sókè, bó ṣe ń gòkè ni gáàsì á máa hó jáde, bí ìgbà téèyàn ṣí mínírà tó ti mì, wọ́n á gba methane, wọ́n á dá omi padà. Nígbà tí mo kà á lálàkọ́kọ́ inú mi dùn gan-an, pé ohun tó lè pa wọ́n náà ni wọ́n fi ń tanná.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni èyí tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ. Wọ́n ń pè é ní mazuku, èdè Swahili ni, afẹ́fẹ́ burúkú. Carbon dioxide ló ń gba inú ilẹ̀ jáde, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń kó sínú kòtò àti ibi tó lọ sílẹ̀, pàápàá lóru àti ìdájí tí atẹ́gùn ò bá fẹ́. Kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ lè má jáde mọ́. Apá Goma ló pọ̀ sí jù, àmọ́ ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tàbí ihò òkúta tí ẹ ò mọ̀ létí omi, ì báà jẹ́ torí fọ́tò. Ibi tí ẹ bá rí àwọn ará ìlú tí wọ́n ń wẹ̀ ni kí ẹ ti wẹ̀.

* * *

Sí màmá tó bèèrè nípa ọ̀nì: kò sí ọ̀nì nínú Kivu. Ohun tó ń pa èèyàn níbẹ̀ ni jíjìn. Ẹ rìn díẹ̀, ilẹ̀ ti tán lẹ́sẹ̀ yín. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó má kọjá ibi tómi dé orúnkún, tẹ́ ẹ bá sì máa wọkọ̀ ojú omi, ẹ gba jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí ò bá ní in, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀.

* * *

Wàyí o, "kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ lọ Zanzibar."

Mi ò ní bú Zanzibar. Òkun ni tiẹ̀, yanrìn funfun, ooru, ayé pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pọ̀pọ̀ṣìnṣìn, ibẹ̀ ni kó lọ. Gisenyi wà ní nǹkan bí 1,460 mítà sókè òkun, ìyẹn ni pé tó bá di alẹ́ ẹ máa wá súwẹ́tà. Omi yẹn ò ní ìgbì tó ń pariwo, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn òkè tò lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni adágún wà sí ìlú, torí náà inú omi ni oòrùn ń wọ̀ lójoojúmọ́, lápá Congo. Ẹ jókòó sí ojú ọ̀nà etí omi níbi tí wọ́n gbin ọ̀pẹ sí, ẹ ra ẹ̀pà, ẹ wò ó. Ìyàwó yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ibòmíràn ni omi gbígbóná Nyamyumba, tó wà lápá gúúsù ìlú, nítòsí ilé iṣẹ́ ọtí. Ẹni tó ti dé Ikogosi ní Èkìtì, ẹ má retí ohun kan náà o. Ikogosi, gbígbóná àti tútù pàdé, igi bò ó, wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe. Ti Nyamyumba, etí adágún gbangba ló ti ń hó jáde láti ilẹ̀, ojú ẹ̀ gan-an ò ṣeé tẹ ẹsẹ̀ bọ̀, ṣe làwọn èèyàn jókòó síbi tó ti pò mọ́ omi adágún tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn àgbà ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nítorí oríkèé ríro. Àwọn ọ̀dọ́ á wá bá yín pé àwọn fẹ́ wọ́ yín lára, ẹ bèèrè iye owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín, kó má di àríyànjiyàn lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹni tó lẹ́sẹ̀ líle tún lè rìn lára ọ̀nà Congo Nile Trail, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gisenyi tó sì gba etí adágún lọ dé Rusizi, 227 kìlómítà ni gbogbo ẹ̀. Wákàtí méjì péré ni mo rìn lórí ẹ̀, láàárín oko ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé ń kí mi títí.

Ọ̀rọ̀ gòríllà tí ẹnì kan jù sílẹ̀: lápá Musanze nìyẹn wà, ẹ máa gba ibẹ̀ kọjá. 1,500 dọ́là ni ìwé àṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ àlejò láti òkè òkun, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará Áfíríkà. Bí owó yẹn bá máa ni yín lára, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìrìn àjò yín ò bàjẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó àti ẹrù, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí.

Físà: ará orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà kì í sanwó físà fún ọgbọ̀n ọjọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lù ú fún yín. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́, ojúlówó.

Ọ̀rá: ẹ má fi ọ̀rá di gààrí tàbí èlùbọ́ o! Wọ́n ti fòfin de àpò ọ̀rá ní Rwanda láti 2008, wọ́n á yẹ ẹrù yín wò ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á sì gbà á. Mo rí arábìnrin kan tí wọ́n ní kó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ata gígún, ẹ̀gúsí, ó ń wá ibi tó máa dà á sí, ojú ẹ̀ pọ́n. Ike tó ní ìdérí tàbí àpò aṣọ ni kẹ́ ẹ lò.

Owó: káàdì báńkì tí mo mú láti ilé ò ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ méjì ní Gisenyi, ọjọ́ Sunday ni, ọpẹ́lọpẹ́ dọ́là tó wà lápò mi. Ẹ ṣẹ́ owó ní Kigali kẹ́ ẹ tó kúrò. Dọ́là tó ti gbó tàbí tó ya, wọn kì í fẹ́ gbà á. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, orí fóònù ni wọ́n ti ń sanwó, títí dórí ẹni tó ń ta tòmátì.

Bọ́ọ̀sì: Nyabugogo ni gáréèjì ẹ̀ ní Kigali. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká dé'bẹ̀ ká máa retí kí ọkọ̀ kún bíi ti Ọjọ́ta. Rárá o, aago ni wọ́n fi ń rìn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án ni, wọ́n lè fi yín sílẹ̀. Ẹ yẹra fún àárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, umuganda ni, gbogbo ìlú ń tún àyíká ṣe, bíi sànítéṣọ̀n tí à ń ṣe l'Ékòó nígbà kan.

Nínú ìlú, ọ̀kadà lẹ máa gùn, "moto" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n máa ń fún èrò ní akoto, ẹ dé e.

* * *

Ẹni tó ní òun fẹ́ kọjá sí Goma fún ọjọ́ kan, torí pé ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi kọjá: mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Lóòótọ́ bọ́dà yẹn kún fún èèyàn láàárọ̀, àwọn ìyá tó ru ọjà sórí ń lọ ń bọ̀. Àmọ́ ní ìparí oṣù Kìíní 2025 tí M23, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan ní Congo, gba Goma, ọta ìbọn àti bọ́ǹbù fò kọjá sí Gisenyi, ó pa aráàlú. Èyí gan-an ni mo kà sí ewu ju òkè lọ, ju gáàsì lọ. Ẹ wo bí nǹkan bá ṣe rí lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé tẹ́ ẹ máa dé sí, bọ́dà bá gbóná ẹ yí padà sí Karongi, adágún kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún rèé. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá Hutu ni àbí Tutsi. Ìpakúpa 1994 ò tíì jìnnà sí wọn, ibi ìrántí kan wà nínú Gisenyi, Commune Rouge ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè lọ síbẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ kà á.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà wá, ó ní àwọn máa lọ, òru méjì, ó wá ń bèèrè kí ni kí àwọn jẹ.

Sambaza. Ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni, wọ́n á dín in gbẹ, ẹ máa jẹ ẹ́ torí-tìrù, wọ́n á gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kẹ́ ẹ fún un lé e. Adágún Tanganyika ni wọ́n ti kó o wá sí Kivu lópin àwọn ọdún 1950, ó sì ti di oúnjẹ gbogbo ìlú. Oúnjẹ wọn ò ní ata bíi tiwa, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé Akabanga wá, òróró ata inú ìgò kékeré bíi ti oògùn ojú. Ẹ kán an lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́ ọ wò ná. Ubugari wọn sún mọ́ ẹ̀bà wa, isombe jẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún tí wọ́n sè, ìyàwó yín á fẹ́ràn ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè rí àwọn tó ń pa ẹja yẹn, ẹ lọ sétí omi nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀pá gígùn nà jáde níwájú àti lẹ́yìn bí ìwo, àwọ̀n wà láàárín. Bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lọ, ẹnì kan ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é, ẹ máa gbọ́ ọ lórí omi títí tí ẹ ò fi ní rí wọn mọ́, tó bá wá ṣú, iná àtùpà wọn nìkan lẹ ó máa rí lọ́ọ̀ọ́kán, torí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ẹja. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoso, àtùpà ò ní fi bẹ́ẹ̀ fa ẹja, torí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.

Ìdájí ni wọ́n ń padà dé. Ẹ ti wà níbẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ mú súwẹ́tà, ẹ mú owó wẹ́wẹ́, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò wọn. Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja yẹn á ti gbé báàfù síwájú ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ra díẹ̀, ẹ gbé e lọ fún onílé yín kó bá yín dín in.